Àárò Ń Sọ Wá Níbi Iṣẹ́: Ta Ni Yóò Béèrè Wa?

Ọ̀kan nínú wa ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá. Àìsàn náà kò le jù, ibà àti ikọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dá a dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ní yàrá òkè nínú ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Cinco Ranch. Ìlú mìíràn ni ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ wà. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà á, orí kọ̀ǹpútà náà ló sì ti ń jíṣẹ́ fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó wọ ojú òpó tí wọ́n ti ń gba àyè ìsinmi, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara òun kò yá, ẹ̀rọ sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ó ti gbọ́. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló gbọ́. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, ímeèlì 71 ló ń dúró dè é. Gbogbo wọn ló béèrè iṣẹ́, kò sí ọ̀kan tó béèrè rẹ̀.

Níbi ìkómọjáde kan ló ti sọ ọ́ fún wa, ẹ̀rín ló sì fi sọ ọ́. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nídìí tábìlì wá béèrè pé: "Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ kò bá yọjú síbi iṣẹ́ lọ́la, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀?" A bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì kan sọ pé bóyá ọjọ́ méjì, nítorí pé àwọn kan máa ń wá lónìí, àwọn mìíràn á wá lọ́la, kò sẹ́ni tó ń ka ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ó di ìgbà tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òun bá pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà láàárín wa kò tilẹ̀ ronú kó tó sọ pé ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru kò lè lọ sílé àfi tí òun bá dé láti gba àwọn aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa la máa ń káàánú nọ́ọ̀sì yẹn. Ìdúró rẹ̀ pọ̀, oorun rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló lè dárúkọ ẹni tí yóò wá òun.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Cinco Ranch, ìwọ̀ oòrùn Houston ni, lẹ́bàá Katy. Apá kan rẹ̀ bọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ Harris, èyí tó pọ̀ jù sì wà ní Fort Bend. Oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1937, ọkùnrin márùn-ún pawọ́ pọ̀ di onílẹ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Cinco, tó túmọ̀ sí márùn-ún ní èdè àwọn ará Sípéènì. Ọdún 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Lónìí, ilé tó jọra wọn ló tò lọ bẹẹrẹ, pẹ̀lú koríko tútù, adágún omi àtọwọ́dá, ọ̀nà tí èèyàn lè máa rìn nírọ̀lẹ́, àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí wa tìtorí rẹ̀ kó wa wá. A ò ní sọ pé ibẹ̀ kò dára.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ mú kí ó ṣeé ṣe láti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láì bá aládùúgbò pàdé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn gáréèjì á ṣí, mọ́tò á jáde, ilẹ̀kùn á padé. Ẹ ó bọ́ sí Katy Freeway, ìyẹn títì I-10 tí wọ́n parí fífẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2008. Níbi tó ti fẹ̀ jù, bí a bá ka àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, mọ́tò 26 lè tò lórí ìlà kan. Èèyàn kan ṣoṣo ló sì máa ń wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ó dé Energy Corridor, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ epo pọ̀ sí, ẹ ó tún wa mọ́tò wọ gáréèjì mìíràn. Láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti lé gbogbo ayé wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ rin ìrìn yẹn mọ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga ni ìrìn àjò wa.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe. Lọ́dún 2018, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà, Japan náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2021. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ẹni kan nínú mẹ́fà láyé ni ìdánìkanwà ń bá fínra, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ju àwọn àgbà lọ. Ní ti ibi iṣẹ́, Gallup béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri ayé fún ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2024. Ẹni kan nínú márùn-ún ló sọ pé ìdánìkanwà bá òun gan-an ní ọjọ́ tó ṣáájú. Láàárín àwọn tó ń fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́ láti ilé, ó jẹ́ 25 nínú 100. Láàárín àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, 16.

Inú àwọn ọ̀gá tó fẹ́ kí gbogbo èèyàn padà sí ọ́fíìsì máa ń dùn sí ìṣirò yẹn. Kí wọ́n rọra. Àwọn 16 wọ̀nyẹn wà láàárín èrò, wọ́n ń to ìlà nídìí ẹ̀rọ kọfí kan náà, síbẹ̀ àwọn nìkan ni wọ́n wà.

Àwọn tó ń kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ láàárín wa mọ ìyà tí àmì ohùn fi ń jẹ èèyàn. Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tó jẹ́ pé àmì orí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àárò ni ohun tó máa ń sọ èèyàn nígbà tí ẹni tó yẹ kó wà nítòsí kò bá sí níbẹ̀. Àáró, ní tirẹ̀, jẹ́ àdéhùn iṣẹ́ láàárín àwọn àgbẹ̀. Bí ẹni márùn-ún tí oko wọn kò jìnnà síra bá wọ àáró, gbogbo wọn á ṣiṣẹ́ ní oko ẹni àkọ́kọ́ lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹni kejì lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi yí ká. Owó kò sí níbẹ̀. Olóko ọjọ́ náà ni yóò wá oúnjẹ. Ẹni tí kò bá lè wá á rán àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti jẹ gbèsè ọjọ́ kan. Kò sí bí wọn ò ṣe ní í mọ̀ pé o kò wá, torí ebè tó yẹ kí o kọ ṣì wà nílẹ̀ gbalaja.

Àwọn òbí wa máa ń dárúkọ àáró pọ̀ mọ́ òwè, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Òwè jẹ́ ìpè ńlá. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ oko fún àna rẹ̀, á ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò. Wọ́n á tú jáde, wọ́n á ṣe é tán, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Èrò tiwa ni pé Amẹ́ríkà mọ òwè dáadáa. Àáró ni kò mọ̀.

A fi ojú ara wa rí òwè ní Cinco Ranch. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey rọ òjò lé Houston lórí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Omi kún Barker Reservoir, ilẹ̀ gbalasa tí ìjọba mọ odi sí kó lè máa gba omi dúró kí ó má bàa ya wọ àárín ìlú, omi náà sì fẹ̀ wọ àwọn ilé tó wà létí ibẹ̀, pàápàá ní àdúgbò Canyon Gate. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn fi ń gbé aládùúgbò wọn jáde. Nígbà tí omi fà, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti òòlù, wọ́n ń ka kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, wọ́n ń fọ́ ògiri tó ti mumi yó, wọ́n ń kó ẹrù tó bàjẹ́ sí etí títì. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ọmọ ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà náà, ọ̀sẹ̀ yẹn sì ni àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ mọ orúkọ àwọn tó ń gbé ní òdìkejì títì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilé gbẹ. Ilẹ̀kùn gáréèjì padé padà.

Ọ́fíìsì náà ń ṣe òwè. Bí èèyàn bá bímọ, wọ́n á gbé káàdì yí ká kí gbogbo wa fọwọ́ sí i. Bí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á gbé àríyá kalẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á ra pizza ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọ́n á sì kó wa jọ ká máa ṣeré tí yóò mú ká mọwọ́ ara wa. A kì í bínú sí pizza. Ṣùgbọ́n bí àríyá náà bá tán, kò sí ẹni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kò sì sí ebè ẹnikẹ́ni tó kù nílẹ̀ tí wọn yóò fi mọ̀ pé kò wá.

Ọkùnrin kan wà tí ohun tó ṣe jọ àáró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pè é bẹ́ẹ̀. Vivek Murthy ni, ẹni tó ṣe olórí dókítà fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà méjì. Ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Íńdíà ni, ìyẹn ni pé irú wa ni. Òun ló gbé ìkìlọ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé àìní ìbáṣepọ̀ lè pa èèyàn lára bí ẹni tó ń mu sìgá tó tó 15 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wù wá jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ìkìlọ̀ yẹn tó dé. Nínú àpilẹ̀kọ kan tó kọ fún Harvard Business Review lọ́dún 2017, ó ṣàlàyé pé nígbà tí òun kọ́kọ́ dé ipò náà, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì òun mọ iṣẹ́ wọn, wọn ò mọ ara wọn. Wọ́n wá dá ètò kékeré kan sílẹ̀. Níbi ìpàdé ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á gba ìṣẹ́jú márùn-ún, á fi àwòrán sọ ohun kan nípa ara rẹ̀ fún àwọn tó kù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kan ẹlòmíràn. Ó ní ó yí bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò padà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kò sí pizza níbẹ̀. Oko ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí, oko ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa. Èwo nínú wa ni wọn ò tíì sọ fún pé, "Iṣẹ́ lo bá lọ síbẹ̀, o ò bá ọ̀rẹ́ lọ"? Wọn ò kàn sọ ọ́ lásán. Àwọn míì nínú wọn ti fi ọ̀rọ̀ inú han ẹlẹgbẹ́ rí, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí ọ̀gá kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn míì ń fi ohùn wọn pamọ́ nítorí pé bí wọ́n bá ti lanu, wọ́n á ní kí wọ́n tún un sọ. Àwa náà ti kọ́ ọ lára wọn láìmọ̀. Àwa tí wọ́n sọ ní Olúwatóbilọ́ba ń kọ T sísàlẹ̀ ímeèlì, a sì ń yà á lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó mọ̀ wá níbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kìlọ̀ fún wa yìí náà ni wọn kì í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n kọjá láì kí i. Ẹ rí i nílé Yorùbá, ìkíni kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń dirí ni wọ́n ń kí pé "Ojú gbooro o", tí á dáhùn pé "Òòyà á yà á". Aláró ni wọ́n ń kí pé "Àrẹdú o". Alágbẹ̀dẹ, "Àrọyè o". Àgbẹ̀, "Àroko bọ́dún dé o". Kí o tó lè kí èèyàn bẹ́ẹ̀, o ní láti kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ò tíì gbọ́ ti ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, nítorí náà a dá tiwa sílẹ̀: "Íńtánẹ́ẹ̀tì á dúró o." Ìdáhùn rẹ̀ ni "Iná ò ní lọ." Ẹni tó bá wà ní Texas ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí yìnyín bo ìlú tí iná sì lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, mọ̀ pé àdúrà yẹn kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan.

Àwọn òbí yìí náà ni wọ́n sì ń dá àjọ. Ìyá ọ̀kan nínú wa, nọ́ọ̀sì ni, ti ń dá a pẹ̀lú àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ará Trinidad kan wà nínú wọn tó ń pè é ní susu, kò sì mọ̀ títí wọ́n fi sọ fún un pé èsúsú wa ló sọdá òkun dé ọ̀dọ̀ wọn. Samuel Johnson ti kọ̀wé nípa èsúsú nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Kékeré la ti rò pé nítorí owó ni màmá yìí ṣe ń dá a. A bi í léèrè láìpẹ́ yìí bóyá àwọn obìnrin náà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ronú díẹ̀. "Rárá o," ó ní, "ọ̀rẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí n kò bá wá, wọ́n á wá mi wá."

Ohun tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ fún láti ọjọ́ ìkómọjáde nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìdánìkanwà níbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ ni wọ́n máa ń ní ká wá, ọ̀rẹ́ níní sì ṣòro, kò ṣeé pàṣẹ. Àáró kò béèrè pé kí ẹ fẹ́ràn ara yín. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ oko náà lè máa bú ara wọn láti àárọ̀ dé alẹ́. Ohun tó béèrè ni pé kí ipò rẹ ṣófo bí o kò bá sí níbẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, àwa márùn-ún bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ilé iṣẹ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń bá ṣiṣẹ́. Ní gbogbo Ọjọ́rú, a máa ń kó kọ̀ǹpútà wa lọ sílé ẹnì kan, oníkálukú á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nídìí tábìlì kan náà, onílé á wá oúnjẹ. Ilé ìkàwé Cinco Ranch la kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n èèyàn kò lè ṣe ìpàdé orí fídíò níbi tí wọ́n ti ní kí a dákẹ́. Ilé náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kúrò lọ́sẹ̀ kẹta nítorí pé gbogbo ilé tó bá wọ̀, ìyá onílé á béèrè ìgbà tó máa mú ìyàwó wálé. Ajá ilé kan náà gbó sínú ìpàdé ẹlòmíràn níwájú ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ wa kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí a má parọ́. Òfin méjì péré la ṣe: ẹni tí kò bá ní wá gbọ́dọ̀ sọ, bí kò bá sì sọ, ẹnì kan á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta, ọ̀kan nínú wa kò wá, kò sì sọ. A pè é, kò gbé e. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ilé rẹ̀ sí ibi tí a wà, méjì nínú wa sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó pẹ́ kó tó ṣí ilẹ̀kùn. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀ lókè, ṣòkòtò ìsùn ló wà nísàlẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń múra fún fídíò. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, nínú ìpè kan tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ìpè náà tó parí, wọ́n ti ti ímeèlì rẹ̀ pa, kò lè dágbére fún ẹnikẹ́ni. Kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń wọṣọ láàárọ̀, tí ó ń ti ilẹ̀kùn, tí ó ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ti pa.

Ó ní òun kò wá nítorí pé òun kò ní iṣẹ́ tí òun máa gbé wá sídìí tábìlì. Ó tún ní ilé òun ló kàn ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí a fo òun kọjá.

A ò fò ó. Ní Ọjọ́rú yẹn, ìyá rẹ̀, tó ti gbọ́ nígbà náà, se ìrẹsì àti dòdò, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ ìyàwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì wa wà ní ìsinmi, ó ń ka CV rẹ̀ sókè, ó ń béèrè ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò yé e, bí ó bá sì ti ń ṣàlàyé ni ẹlòmíràn ń tún un kọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ epo ń ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀ ní Energy Corridor. Ẹni tó ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá ló kọ àkọlé orúkọ sókè ìwé náà. Ó kọ orúkọ náà ní kíkún, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, onílé wo ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.